Ìkíni Ni Mo Dáhùn, Kì í Ṣe Àyẹ̀wò

Wọ́n tún fi iná léésà sun ojú mi nígbà tí egbò àkọ́kọ́ kò tíì jinná, wọ́n sì ní èmi ni mo fàṣẹ sí i, nítorí pé mo dáhùn ìkíni.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó ṣe é mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bo nǹkan náà mọ́lẹ̀, títí èmi fúnra mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ọmọ Ìṣẹ́-Èkìtì ni mí. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, mo sin ìjọba, kí n tó fi ilé sílẹ̀ wá sí ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo ṣe rìn ín débẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ló kàn án.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Ní àdúgbò wa ní Ìṣẹ́, kí o tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé wa dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, wàá ti kí ìyá tó ń sá kòkó sórí tapólì, wàá ti kí bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbé rédíò lé orókùn. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ìyá rẹ, iṣẹ́ rẹ, àti oorun tí o sùn. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní: a dúpẹ́. Ibà lè máa gbọ̀n ọ́ lọ́wọ́, a dúpẹ́. Ilé lè ti jò lé yín lórí, a dúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara rẹ ṣe rí lóòótọ́ á tẹ̀lé ọ wọlé, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé ọ níwájú orí, á ní, "Rárá o, ara rẹ ń gbóná." Ìkíni yàtọ̀, ìwádìí yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti rí iṣẹ́, Marta ni olórí wa. Ọmọ ilẹ̀ Poland ni, ó ga, ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ṣé dáadáa lo wà?" Mo dúró, mo bọ́ fìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn pé òtútù ni ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, àmọ́ mo dúpẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, Marta ti wà ní ìdí ẹ̀rọ kejì.

Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. "Ìwọ lò ń dá bisikíìtì lóhùn lẹ́ẹ̀kan, àbí?"

"Ṣebí ìwọ lo bi mí?"

"Èmi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ níbí ni. Sọ pé o wà dáadáa, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Èmi náà dá wọn lóhùn títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá fún mi."

Ara tù mí. Mo ní, áà, a dúpẹ́ náà kọ́ nìyẹn? Nǹkan kan ṣoṣo wà tí ìlú yìí àti ìlú mi fi jọra, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí báwo ni, mo wà dáadáa ni mo ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, torí òun ni wọ́n wá fi mú mi.

*

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ bisikíìtì wò bó ṣe ń jáde látinú ààrò: bó ṣe gbẹ tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó máa tètè rún. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdùnnú mi wà níbẹ̀ náà. Nígbà tó yá, bí ọjà kan bá bàjẹ́ tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀, àwọn ọ̀gá á ní, "Ẹ pe ọmọ Nàìjíríà yẹn." Mo rántí àárọ̀ kan tí mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ìyẹ̀fun ló bàjẹ́, ìgbóná ẹ̀yìn ààrò ló ń pọ̀ jù. Wọ́n wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba ìwé oyè kejì.

Àmọ́ iná kan wà nínú ilé ìwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, iná funfun kan báyìí tó ń tàn láti òkè. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń rí i. Irorẹ́ bá mi jà nígbà tí mo wà ní girama, ó lọ, ó fi ihò sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Nílé, àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe. Dípọ̀ àbúrò mi máa ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Àǹtí mi, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Ẹmùré o! Ojú tiyín ló kù tí ìjọba ò tíì ṣe." Màámi á ju ṣíbí lù ú, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìwọ àti ẹni tó bí ọ, ihò ojú ò jẹ́ nǹkan kan. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́, ojú rẹ nìkan ni wọ́n ń rí. Mo rò pé bí mo bá tún un ṣe, màá dà bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pe ilé, ìpè fídíò tí a fi ń rí ojú ara wa. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi kó tó fẹ̀yìn tì. Yorùbá ìwé ló ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ bó bá ti rí mi, Èkìtì ló máa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ulé rẹ ń kí ọ o! Uṣẹ́ ńkọ́? Sún mọ́ ibẹ̀, jẹ́ kí n rí ọ." Á wá gbé fóònù náà sún mọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé imú rẹ̀ àti ìdajì gíláàsì rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ gbé fóònù náà mì ni?" Ohùn Dípọ̀ nìyẹn.

"Fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ni mò ń wò."

Mo rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń mú fóònù náà nìyẹn. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Mo ń béèrè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé, "Ìríran yín ńkọ́, Màámi?" Ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà rí: a dúpẹ́.

*

Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi ní ilé ìtọ́jú awọ ara yẹn kò ṣe mí ní búburú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Àgbàlagbà ni, onírùngbọ̀n funfun. Ó fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fi awò wò ó, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ńṣe ni léésà yẹn ń mọ̀ọ́mọ̀ dá egbò tín-tìn-tín sára awọ, kí ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ kọ́. "Ẹ̀rọ ń ṣe ìwọ̀nba," ó ní, "àkókò ló ń ṣe èyí tó pọ̀. Awọ tó dúdú bíi tiyín, bí a bá kánjú padà sórí rẹ̀, á bínú, á ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ṣe é. Oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, láàárín ọ̀kan sí èkejì, mo sì gbọ́dọ̀ fi ojú mi rí i kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án."

Ti àkọ́kọ́ yẹn dára. Ó ta mí bí ìgbà tí ata bá ta sí ojú, ojú mi wú, ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo ń fi ìpara pa á, mo ń fi fìlà gbòòrò sá fún oòrùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí èépá náà ṣí tán, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọ̀, díẹ̀ nínú àwọn ihò náà sì ti ń kún. Mo pe ilé. Màámi sún mọ́ fóònù títí, ó ní, "Háà! Ó ti ń jọ̀lọ̀." Dípọ̀ ní ìjọba ti dé ọ̀nà Ẹmùré. A rẹ́rìn-ín títí iná fi lọ lọ́dọ̀ wọn.

Èmi ò mọ̀ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ dópin.

Ohun tí awọ tuntun kórìíra jù ni ooru. Ọ̀dọ̀ ààrò ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á ti gbóná, á máa yún mi, á pọ́n ní abẹ́ dúdú rẹ̀ lọ́nà tí èèyàn ò fi ní mọ̀ bí kò bá wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí nílé ìtọ́jú náà irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èkejì ni ìpè orí fóònù. Dókítà yẹn gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nọ́ọ̀sì kan sì ń pè mí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ dípò rẹ̀. Inú ariwo ẹ̀rọ ni ìpè náà máa ń bá mi. "Báwo lẹ ṣe wà?" ohùn rẹ̀ á dùn bí oyin. "Mo wà dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." "Ó dára gan-an! Ó dìgbà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè bóyá ó ń yún mi, bóyá ó pọ́n, bóyá ó ń gbóná. Kò ní kí n ya fọ́tò, kò ní kí n yọjú. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń kí mi ní ìlú yẹn.

Oṣù kejì kò tíì pé tí ó fi pè pé kí n wá. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ẹ̀ka wọn míì, ó ní kó tó lọ, kí wọ́n ṣe tèmi.

Mo sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀, lórí ibùsùn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Dókítà ní oṣù mẹ́ta."

"Ẹ ti tètè sàn ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ fún wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ẹ wà dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má mikàn. Awọ àwọn èèyàn yín le."

Awọ àwọn èèyàn mi. Mo kàwé, mo mọ ohun tí ooru ń ṣe sí ohun tó bá rọ̀, mo sì ń ṣọ́ ààrò fún iṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó wọ aṣọ ìwòsàn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti tọ́ mi pé a kì í bá irú wọn jiyàn. Mo pa á mọ́ra. Òórùn tó jáde lọ́jọ́ náà kì í ṣe òórùn ti àkọ́kọ́. Mo mọ òórùn ohun tó ti jóná.

*

Èmi ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ó dá egbò, egbò náà ṣomi, kò jinná dáadáa, ó wú ní ibì kan, ó ṣú ní ibì kan bí ìdí ìkòkò ìdáná. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tí mo lọ bá lẹ́yìn náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n padà sórí rẹ̀ kíákíá báyìí?" Ó ní kò sí ẹ̀rọ mọ́ fún mi. Ìpara, ìbòòji àti sùúrù ló kù, ó sì lè ju ọdún kan lọ.

Marta ni kò sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó wò mí, ó bú àwọn ilé ìtọ́jú náà ní èdè ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé mi kúrò nídìí ààrò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Mo wá pinnu nǹkan kan: Màámi kò gbọ́dọ̀ rí mi báyìí. Mo ní kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́. Ohùn nìkan la fi ń kí ara wa láti ìgbà yẹn.

"Awọ rẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Màámi. Ìríran yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, ìyá àti ọmọ, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Nígbà míì á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Kámẹ́rà wo ni wọn ò lè tún ṣe nínú ùlú òyìnbó? Gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́, ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń tún un ṣe." Ní ọjọ́ kan, kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ó wù mí kí n rí ọ. Jẹ́ kí n fi ojú kàn ọ́ báyìí náà." Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Màámi." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ojú mi jinná tán ná. Mo ṣírò àkókò ojú tèmi. Èmi ò ṣírò àkókò ojú tirẹ̀.

Dípọ̀ ló pè mí ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Kò dá àpárá kankan.

"Àǹtí mi, Màámi bọ́ sínú gọ́tà iwájú ilé."

"Gọ́tà tí Màámi ti ń rékọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé?"

"Wọn ò rí i. Mo gbé wọn lọ sí Adó. Dókítà ní àrùn ojú kan ti ń jẹ ìríran wọn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ó ti pẹ́. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Ó ní bí àwọn bá ti tètè mọ̀... Màámi ní àwọn ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣú lójú àwọn láti bí ọdún kan. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní kó gbé fóònù fún Màámi. Mo bínú sí i, Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbé ohùn sókè sí ìyá mi. "Ṣebí mo ń bi yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?"

"O ń kí mi," ó ní. "Mo sì ń dáhùn."

*

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà. Obìnrin kan ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó gbé omi fún mi. Ó ní inú àwọn ò dùn sí bó ṣe rí lára mi. Mo ní kì í ṣe bó ṣe rí lára mi ni mo bá wá, bó ṣe rí lójú mi ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n pè mí ni mo ní mo wà dáadáa, wọn ò lè mọ ohun tí mi ò bá sọ.

Mo bi í pé, "Nígbà tí ẹ wọlé láàárọ̀ yìí, ṣé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi yín báwo lẹ ṣe wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní mo wà dáadáa."

"Ṣé òótọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ká sòótọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí láti àná."

"Bí ẹnì kan bá wá la ẹ̀yìn yín lọ́sàn-án yìí torí ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo bi í bó ṣe yàtọ̀. Ó tún bu omi sí ife mi.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bí wọ́n bá bi mí lójú ọ̀nà tí mo sì dáhùn lóòótọ́, mo di ẹni tí ò mọ àṣà ìlú. Bí wọ́n bá bi mí lórí fóònù tí mo sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú, mo di ẹni tó fàṣẹ sí i kí wọ́n sun òun. Níbo ni kí irú mi wá dúró sí?

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo tan kámẹ́rà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀, pẹ̀lú gbogbo àpá náà, mi ò fi nǹkan kan bò ó. Mo ní, "Màámi, wọ́n ti tún kámẹ́rà mi ṣe."

Inú rẹ̀ dùn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Dípọ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú bó ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ ẹ̀yìn fóònù ló kọjú sí i. Ògiri pálọ̀ wa ni mò ń rí, àti àwòrán Bàbá mi lára rẹ̀.

"Háà, ọmọ mi," Màámi ń sọ fún ẹ̀yìn fóònù náà. "Ó ti jinná pátápátá. Wo bí ojú rẹ ṣe ń dán!"

Dípọ̀ na ọwọ́, ó yí fóònù náà padà jẹ́jẹ́. Ojú Màámi wá kún inú fóònù mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ibì kan lókè orí mi.

"A dúpẹ́, Màámi," mo ní.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àpá ojú mi, ó lè rẹ̀ tó bá yá. Àmọ́ oṣù díẹ̀ tí ìyá mi fi ṣì lè rí mi, ìtìjú iná tí ẹ fi sun mí ni mo fi sá pamọ́ fún un. Kò sí ìpara fún ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtọ́jú náà, mo fẹ́ ìdáhùn. Ta ló pinnu pé oṣù mẹ́ta ti di ohun tí ẹ lè gé torí pé ẹ̀rọ fẹ́ rìnrìn àjò? Nígbà tí dókítà tó ní òun gbọ́dọ̀ fojú rí i kò sí níbẹ̀, ojú ta lẹ fi rò pé ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí pé iwájú kí ni mo ń dúró sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ta ló kọ́ nọ́ọ̀sì yín pé awọ àwọn èèyàn mi le, àwọn mélòó míì ló sì ti sọ ọ́ fún kó tó gbé iná lé wọn lójú?

Mo ń retí yín. Ẹ má kọ̀wé pé ẹ pẹ̀lẹ́ sí mi. Ẹ má sì pè mí lórí fóònù láti béèrè báwo ni mo ṣe wà, torí ẹ ti mọ ohun tí màá sọ. Ẹ wá, kí ẹ jókòó síwájú mi nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó.